Wọn ò fún mi ní físà Ìlú Ọba nítorí owó: ìbéèrè àti ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tún ìwé gbé wọlé

Ìbéèrè kan náà ni à ń dáhùn láti ọjọ́ yìí, nítorí náà a kó wọn jọ sójú kan. Ti físà akẹ́kọ̀ọ́ sí Ìlú Ọba nìkan ni, fún ẹni tó ń gbé ìwé wọlé láti Nàìjíríà. Iye owó tí a kọ síbí ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2025. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ yẹ GOV.UK, ìkànnì ìjọba Ìlú Ọba, wò bóyá ó ti tún yí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rí owó gan-an?

Ìwé báńkì tó fi hàn pé owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ tó ṣẹ́kù, àti owó oúnjẹ òun ilé, ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Àwọn tó ń bá èèyàn ṣe ìwé jápa ń pè é ní POF.

Kì í ṣe ẹ̀rí pé olówó ni yín. Ẹni tó ní ilé mẹ́ta ní Ìbàdàn, tí àkáǹtì rẹ̀ gbẹ, kò ní ẹ̀rí owó. Ọmọ olùkọ́ tí owó rẹ̀ pé, tí ọjọ́ rẹ̀ sì pé, ní in. Nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi kọ físà fún èèyàn tí a ti rí, àwọn tí ìṣẹ́ já sílẹ̀ kò pọ̀ tó àwọn tí kàlẹ́ńdà àti orúkọ já sílẹ̀.

Èló ló yẹ kó wà nínú àkáǹtì?

Tí ẹ bá máa kàwé ní London, £1,529 lóṣù. Tí kì í bá ṣe London, £1,171. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣírò mọ, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́ta lẹ fẹ́ lò. Ìyẹn jẹ́ £13,761 fún London àti £10,539 fún ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi owó ilé ẹ̀kọ́ tó ṣẹ́kù lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń lọ sí Sheffield. Owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ £17,500, ó sì ti san £6,000 sílẹ̀. Ó ku £11,500. Tí a bá fi £10,539 kún un, ó di £22,039. Iye yẹn ni wọ́n ń wá, wọn ò sì ní gbójú fo £1 tó bá dín.

Ibi tí kíláàsì wà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe orúkọ yunifásítì. Yunifásítì Coventry ní ọgbà ní London. Tí CAS yín, ìyẹn ìwé tí yunifásítì fi jẹ́rìí pé àwọn gbà yín, bá kọ London síbẹ̀, owó London lẹ máa fi hàn.

Mo ti san owó sí i lẹ́yìn tí CAS jáde. Ṣé wọ́n á yọ ọ́?

Wọ́n á yọ ọ́ tí wọ́n bá rí i. Ẹ bẹ ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tún CAS náà ṣe kó lè gbé iye tuntun. Tí wọ́n bá ń fi òní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ yín, iye owó àti ọjọ́, kí ẹ sì fi há ìwé yín.

Owó ilé tí ẹ san fún yunifásítì fúnra rẹ̀ náà ṣeé yọ, àmọ́ wọn ò ní yọ ju £1,529 lọ. Èyí tí ẹ san fún lánlọ́ọ̀dù aládàáni kò sí nínú ìṣírò wọn.

Kí ni ọjọ́ 28 yẹn túmọ̀ sí?

Owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láìgé, kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju iye tí wọ́n fẹ́ lọ ní ọjọ́ kankan láàárín rẹ̀. Kì í ṣe pé kí wọ́n ro owó ọjọ́ gbogbo pọ̀, kí wọ́n wá pín in dọ́gba. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó bá dín, ìṣírò ti bàjẹ́, ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fi owó tó pé géérégé sílẹ̀, kò fi kọ́bọ̀ lé e. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, báńkì yọ owó alẹ́ẹ̀tì oṣù náà. Kò tó ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ó rí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì yára fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta sí i, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ọjọ́ kan yẹn wà nínú sítétímẹ́ǹtì, ìlà kan péré láàárín ìlà púpọ̀, òun sì ni lẹ́tà tí wọ́n fi kọ físà fún un tọ́ka sí. Ẹ fi owó tó jọjú lé iye tí wọ́n fẹ́, kí ẹ sì yọ káàdì ATM àkáǹtì náà kúrò nínú àpò yín.

Ọjọ́ 31 ńkọ́?

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú sítétímẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sẹ́yìn ní ọjọ́ tí ẹ bá sanwó físà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ ìsanwó ni ọjọ́ ìgbéwọlé, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ lọ tẹ̀ka.

Tí owó bá wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọjọ́ 28 oṣù Keje ló pé. Tí sítétímẹ́ǹtì yín bá parí sí ọjọ́ yẹn, ẹ ní títí di ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ láti sanwó físà. Èmi a máa ní kí èèyàn dúró dé ọgbọ̀n ọjọ́ ó lé díẹ̀, nítorí pé owó tó wọlé ní alẹ́ Jímọ̀ lè má hàn nínú ìwé báńkì títí di ọjọ́ Ajé.

Àkáǹtì ta ni wọ́n ń gbà?

Tiyín, èyí tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, ti bàbá tàbí ìyá yín, àti ti alágbàtọ́ tí ilé ẹjọ́ yàn. Ti ọkọ tàbí aya náà wọlé tí ẹ bá jọ ń lọ tàbí tó ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà.

Ibí yìí ló ń dun àwọn èèyàn wa jù. Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ yín láti kékeré, àǹtí tó wà ní Peckham, bàbá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì: kò sí ẹni tí wọ́n máa gba àkáǹtì rẹ̀ nínú wọn. Lójú tiwa, ẹni tó ránni nílé ìwé ni òbí ẹni. Lójú tiwọn, orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí nìkan ni òbí.

Ọ̀nà tó wà ni pé kí àǹtí fi owó náà ta yín lọ́rẹ pátápátá, kó wọ àkáǹtì yín tàbí ti òbí yín, kó sì lo ọjọ́ 28 níbẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn pé ẹ̀bùn ni, àwọn kò retí kó padà, kí wọ́n sì fi ìwé tó fi iṣẹ́ wọn hàn tì í. Ẹ̀bùn ni kó jẹ́ lóòótọ́ o. Èyí tó máa padà sílé lẹ́yìn físà, a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Àkáǹtì màmá mi ni mo fẹ́ lò. Ìwé wo ni kí n fi há a?

Ìwé ìbí yín tó ní orúkọ màmá, àti lẹ́tà tí màmá fọwọ́ sí pé ìyá yín ni àwọn àti pé àwọn gbà kí ẹ lo owó náà. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí lè lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ìyẹn NPC, fún ìwé ẹ̀rí ìbí. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí ẹ gbà ní kóòtù kì í ṣe ìwé ìbí.

Ẹ wá gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ fi ojú yín kà wọ́n lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Màmá lè jẹ́ Ṣẹ́gilọlá nínú ìwé ìbí, kí báńkì mọ̀ wọ́n sí Felicia, kí orúkọ bàbá wọn wà lórí ọ̀kan, kí ti ọkọ wà lórí èkejì. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹni tó ń wo ìwé náà lókè òkun kò gbé àdúgbò yẹn. Ẹ fi ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìyípadà orúkọ láti kóòtù, àti lẹ́tà báńkì tó dárúkọ méjèèjì sí i. Tí àyè bá sì wà, ẹ jẹ́ kí báńkì tún orúkọ náà ṣe kí ọjọ́ 28 tó bẹ̀rẹ̀.

Owó àjọ, owó alájẹṣẹ́kù, ilẹ̀, ìpín ilé iṣẹ́: ṣé wọ́n ń kà á?

Rárá, àyàfi tí ó bá di owó nínú báńkì. Owó tó ṣì wà lọ́wọ́ alájọ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ìpín ilé iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì tí kò tíì ṣeé gbà, bitcoin àti owó àyálò lórí káàdì, gbogbo rẹ̀ ló já sí òfo. Owó tí ẹ ti pa mọ́ sí báńkì fún èlé lè wọlé tí ẹ bá lè gbà á nígbàkígbà tí ẹ fẹ́, kí ìwé báńkì sì sọ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá gba àjọ tàbí ta ilẹ̀, ẹ kó o sí báńkì, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀: ìwé àdéhùn títà, rìsíìtì, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ alájẹṣẹ́kù. Owó okòwò pàápàá, ẹ gbé e kúrò nínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ sí ti ara yín kí ìka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Náírà ni owó mi. Iye wo ni wọ́n á fi ṣẹ́ ẹ?

Iye tó wà lórí OANDA, ìkànnì tó ń gbé iye pàṣípààrọ̀ owó jáde, ní ọjọ́ tí ẹ sanwó físà. Kì í ṣe iye tí àwọn mọ́là ń pè é, kì í sì í ṣe iye tí báńkì yín tà á fún yín.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé owó tó pé lónìí lè má pé lọ́la, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ka ọjọ́ lọ́wọ́ ní oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, kò ní gbàgbé láéláé. Tí ẹ bá lè lo àkáǹtì pọ́n-ùn, èyí tí a mọ̀ sí dọ́ọ̀mù, wàhálà yẹn kúrò nílẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lé e.

Wọ́n ti kọ̀ fún mi. Ṣé mo gbọ́dọ̀ dúró kí n tó tún gbé ìwé wọlé?

Òfin kò ní kí ẹ dúró, tí kì í bá ṣe pé wọ́n fi ẹ̀sùn irọ́ kàn yín. Àmọ́ ẹ nílò CAS tuntun, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lo CAS. Ilé ẹ̀kọ́ lè fà sẹ́yìn, ẹ má sì bínú sí wọn. Òfin tẹ́lẹ̀ sọ pé tí àwọn tí wọ́n kọ̀ nínú àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ kan fún ní CAS bá dé 10%, àṣẹ rẹ̀ láti gba akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè wà nínú ewu. Ní oṣù Karùn-ún 2025 ìjọba wọn tún sọ pé àwọn fẹ́ mú un wálẹ̀ sí 5%. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bèèrè sítétímẹ́ǹtì lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fún yín ní CAS kejì.

Owó físà, tó di £524 ní oṣù Kẹrin 2025, ti lọ nìyẹn, ẹ máa san òmíràn. Owó ìlera, £776 fún ọdún kan, ni wọ́n máa dá padà. Ẹ wo ọjọ́ ìwé àyẹ̀wò ikọ́ fée yín náà, oṣù mẹ́fà ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ṣé kí n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà wò, àbí kí n gbé ìwé tuntun wọlé?

Ẹ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dáhùn. Tí ó bá jẹ́ àṣìṣe tiwọn, bíi pé owó pé, ọjọ́ pé, wọ́n kàn ka ojú ewé kan fò ni, ẹ ní ọjọ́ 28 láti sọ pé kí wọ́n tún un wò, £80 ni. Ohun tí ẹ ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á wò.

Tí ó bá jẹ́ àṣìṣe tiyín, £80 náà ṣòfò nìyẹn. Ẹ tún nǹkan ṣe, kí ẹ gbé ìwé tuntun wọlé. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀.

Ṣé sítétímẹ́ǹtì àtijọ́ ṣì wúlò?

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé ṣe, ọjọ́ 31 á ti kọjá. Àwọn tí wọ́n kọ̀ fún kí oṣù Kọkànlá 2025 tó dé tún ní ọ̀ràn mìíràn: iye àtijọ́ ni wọ́n kó jọ, £1,483 fún London àti £1,136 fún ibòmíràn. Ìyàtọ̀ oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ £414 ní London àti £315 níta London. Ọjọ́ tí ẹ tún gbé ìwé wọlé ni wọ́n ń wò.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n ti kọ̀ fún mi rí?

Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù bèèrè rẹ̀, ì báà jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn ló kọ̀ fún yín. Éjẹ́ǹtì tó bá ní kí ẹ mú «rárá» kò fẹ́ràn yín. Físà tí wọ́n kọ̀ nítorí owó kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, irọ́ lórí rẹ̀ ló lè ti ilẹ̀kùn fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan tì í: ọjọ́ tí wọ́n kọ̀, ìdí tí wọ́n sọ, ohun tó ti yí padà, àti ojú ewé tí ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ẹ má bẹ̀bẹ̀, ẹ má sì fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ní àwọn kan ń yáni ní owó fún ọjọ́ 28. Ṣé ó dára?

Àwọn tó ń ṣe é pọ̀, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n á ní kí ẹ ṣí àkáǹtì, wọ́n á kó owó sí i, wọ́n á dè é pa kí ẹ má lè fọwọ́ kàn án, ẹ ó sì san èlé. Lẹ́yìn físà, owó padà síbi tó ti wá.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òfin wọn ní kí owó náà wà ní ìkáwọ́ yín lóòótọ́, kí ẹ lè ná an. Owó tí wọ́n dè pa kò sí ní ìkáwọ́ yín. Wọ́n máa ń kọ̀wé sí báńkì. Tí báńkì bá dáhùn pé owó wà àmọ́ ẹni tó ni àkáǹtì kò lè gbà á, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti owó, ó di ti ẹ̀tàn. Àwọn tó bọ́ sí i tí wọn ò rí wọn mú wà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti kọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń fi awò wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó ń tẹ̀ lé e kò gbé nínú físà pàápàá. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Owó iṣẹ́ yẹn kò lè san owó ilé ẹ̀kọ́ tó kù àti owó ilé pọ̀. A ti rí ẹni tó balẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, tí yunifásítì yọ orúkọ rẹ̀ ní oṣù Kìíní torí owó ilé ẹ̀kọ́, tí físà rẹ̀ sì bá a lọ.

Mo fẹ́ mú ìyàwó àti ọmọ dání. Èló ni?

Láti oṣù Kìíní 2024, ẹni tó ń ṣe máṣítà oníkíláàsì kò lè mú ẹbí lọ mọ́. Àwọn tó ń ṣe PhD tàbí máṣítà oníwàádìí, àti àwọn tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn, ló ṣì lè mú wọn lọ. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, £845 lóṣù ní London tàbí £680 níbòmíràn, oṣù mẹ́sàn-án náà ni.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tàbí owó àyálò ni mo ń lò ńkọ́?

Tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bíi Chevening àti Commonwealth, ìjọba tàbí yunifásítì bá ń san gbogbo rẹ̀, lẹ́tà wọn ti tó, kò sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 28. Tí ó bá jẹ́ apá kan ni wọ́n san, ẹ fi tiyín dí àlàfo. Owó àyálò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìjọba, tàbí ètò owó ẹ̀kọ́ láti ilé ìfowópamọ́ tí òfin mọ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ má sì ju oṣù mẹ́fà lọ. Èyí tí ọ̀rẹ́ yá yín kò sí níbẹ̀.

Ìlú Ọba ni mo wà báyìí, mo fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ kejì.

Tí ẹ bá ti lo oṣù méjìlá níbẹ̀ pẹ̀lú físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ gbé ìwé wọlé, wọn ò ní béèrè ẹ̀rí owó. Tí oṣù kan bá dín, wọ́n á béèrè.

Sítétímẹ́ǹtì mi kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ wọ́n ní báńkì sọ pé kì í ṣe tàwọn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má sáré gbé ìwé tuntun wọlé. Ẹ̀sùn ẹ̀tàn nìyẹn, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́wàá ló lè wà lọ́rùn yín. Ẹ lọ sí ẹ̀ka báńkì tó ni àkáǹtì náà ní ọjọ́ yẹn gan-an, kí ẹ bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó wà ní kańtà. Ẹ ní kí wọ́n wo ìméèlì tó wá, ẹni tó dáhùn, àti ohun tó kọ. Nígbà mìíràn, ẹni tó dáhùn wo nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n kọ lódì ni.

Ẹ gba lẹ́tà tuntun tí ọ̀gá náà fọwọ́ sí, tó ní nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ tí ẹ ṣí i, iye tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 28 yẹn, àti gbólóhùn kan pé ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ ti ọ̀dọ̀ àwọn wá. Ẹ fi béèrè kí wọ́n tún ẹjọ́ náà wò láàárín ọjọ́ 28. Ẹ̀sùn ẹ̀tàn wà lára ìgbà díẹ̀ tí wọ́n lè gba ìwé tuntun wò. Ẹ sì wá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú Ìlú Ọba, kì í ṣe éjẹ́ǹtì tó bá yín kọ fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́.